Ènìyàn Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún Tí Kò Ṣeé Pín

Ìtàn yìí kò dùn létí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Balógun Arógundádé kó ará Òkè-Ọsàn lẹ́rú, ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ó sì pe Àwẹ̀ró, àgbà wọn, síwájú àwọn ọmọ ogun: “Ìyá, pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ tó dọ́gba. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, ọjà ẹrú yá. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ẹ máa lọ. Má sì kó gbogbo yín sójú kan kí o pè é ní ọ̀wọ́ o.” Àwẹ̀ró tò wọ́n ní méjì-méjì, ẹnì kan ṣẹ́ kù. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù. Márùn-ún, méje, mẹ́wàá, pàbó ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ogun kan ní, “Ìyá àgbà, ẹ pa ẹni tó ṣẹ́ kù, kó lè dọ́gba.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi olúkúlùkù sí àyè tirẹ̀. “Ọ̀wọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún rèé, Balógun, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Balógun ní, “Ta ló ń pe ẹnì kan ní ọ̀wọ́?” Àwẹ̀ró ní, “Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo lẹ kọ́kọ́ wọ ẹnubodè wa tí gbogbo wa fi sá. Bí ẹnì kan kì í bá ṣe ọ̀wọ́, kí la sá fún?” Balógun wo ojú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kò lè sọ pé òun kéré. “Ó dáa. Ẹ máa lọ bí ẹ ṣe pín. Ọ̀wọ́ tó bá bá òmíràn rìn, ẹrú ni.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba òmìnira, tí aya ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà mìíràn, tí Àwẹ̀ró sì kọjá lára ọmọ tó bí, láìkí i.