Agbádá Tí Kọ̀ǹpútà Wọ̀

"Bọ́ agbádá ná, kó o tó wá abẹ̀bẹ̀." Kò sí ẹni tí kì í pa òwe yìí ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé agbádá ta ni, ẹ ó rí i pé wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ti ọba kan ni. Àwọn mìíràn ní ti ọkọ ìyàwó tó dákú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló wọ agbádá náà, mo sì mọ ẹni tó rán an.

Morẹ́nikẹ́ ló rán an, aránṣọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣìnà, ìyàwó Olágbénró onítẹ̀wé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní eruku kò ní í fojú kàn án. Ó gé àrán pupa, ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn, ó sì fi wọ àpótí kọ̀ǹpútà náà tiwájú tẹ̀yìn. Ó wuyì lóòótọ́. Àwọn oníbàárà a máa kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó, Olóyè."

Àfi bí ìyá Morẹ́nikẹ́ ṣe kú. Ta ni yóò tẹ ìwé ètò ìsìnkú bí kò ṣe àna tó jẹ́ onítẹ̀wé? Olágbénró dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹbí, ó ní ìwé náà yóò dé ọwọ́ wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́. Ọjọ́rú ló jókòó ti iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ gbé àwòrán ìyá sójú ìwé, kọ̀ǹpútà a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, a sì kú lójijì.

Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún. "Àbí Màámi ò fẹ́ ká gbé àwòrán wọn sí i ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Láṣebìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó fa ọwọ́ yọ kíá. "Ọpọlọ rẹ̀ ló ń gbóná," ló wí. "Bó bá ti gbóná jù, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná." Ó wo àrán pupa náà. Ó wo Morẹ́nikẹ́, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tí àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n fi fáànù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i nínú."

Wọ́n bọ́ agbádá, ó de fáànù ńlá mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Morẹ́nikẹ́ sì tún wọ agbádá fún un, ó so ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí. Láṣebìkan rí i, ó kàn ń nu irinṣẹ́ rẹ̀. Ojo ni, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójúkojú. Olágbénró pàápàá fura, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí fún obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ pé aṣọ tó rán ló ń dínà ìsìnkú ìyá rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà tún kú. Wọ́n gbé fáànù onídùúró tì í. Wọ́n to omi dídì inú ọ̀rá yí i ká. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Olágbénró yá ẹ̀rọ amúlétutù. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló wọ súwẹ́tà, kọ̀ǹpútà nìkan ni ooru ń mú.

Ibẹ̀ ni Bàbá Fámúyìdé, àbúrò olóògbé àti olórí ẹbí, ti wọlé wá wo ìwé. Òtútù kọ lù ú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni ooru ń mú nínú yín?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá," ni Olágbénró fèsì lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Bàbá yí ẹ̀rọ náà po. Ó ti ọwọ́ bọ ọrùn agbádá, ó sáré yọ ọ́. "Ta ló wọ èyí fún un?"

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. "Èmi ni, Bàbá," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n bọ́ agbádá ná, kó o tó wá abẹ̀bẹ̀."

Morẹ́nikẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìyanu, ẹ mọ̀?" Àjà ni Olágbénró ń wò. Ó yíjú sí Láṣebìkan. Òun náà rí nǹkan wò lájà.

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn ẹ̀yìn, ó bọ́ àrán náà. Òwú rẹ̀ ti dí gbogbo ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Láṣebìkan gbá a kúrò, wọ́n sì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kò kùn mọ́, àwòrán ìyá jáde, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Morẹ́nikẹ́ sunkún, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì, ohun tó sì sọ fún wọn kò ṣeé kọ sínú ìwé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, ìwé ti dé ọwọ́ ẹbí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Bọ́ agbádá ná, kó o tó wá abẹ̀bẹ̀," nígbà tí wọ́n bá rí àwọn tó ń sá sókè sá sódò wá ìwòsàn, tí wọn ò sì fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó ń fa àìsàn nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá sì ti pa á tán, ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń wò, kì í ṣe ẹni tó rán agbádá.