Ìbọn Bàbá, Apá Ọmọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọdẹ́rìndé yìnbọn sí ìmàdò tó ń hú iṣu rẹ̀ jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló tàsé. Ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń lò, ó wúwo bí odó. Ló bá gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ, ó ní ẹnu ìbọn náà ti wọ́.

Bàbá alágbẹ̀dẹ wò ó títí. “Na ìbọn sí ọ̀pẹ yẹn, títí n ó fi jẹ obì yìí tán.”

Kò tíì jẹ ìdajì obì tí apá Ọdẹ́rìndé fi ń gbọ̀n, tí ẹnu ìbọn sì dojú kọ ilẹ̀.

“Ìbọn ò wọ́, ọmọ mi. Bàbá rẹ ló síngbọnlẹ̀. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Jẹ́ kí n rọ èyí tó bá apá rẹ mu. Kò ní fúyẹ́ jù, kó má baà máa ta padà lù ọ́ tó bá dún.”

“Kí làwọn ọdẹ máa wí, Bàbá? Pé n kò lè gbé ìbọn bàbá mi?”

“Kí ni ìmàdò ń wí báyìí?”

Nígbà tí ìbọn tuntun tí alágbẹ̀dẹ rọ fún un dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóko, ìmàdò ṣubú sáàárín ebè. Ọdẹ́rìndé fi epo pa ìbọn àtijọ́, ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó sì bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀:

“Bàbá, ẹ má bínú. Apá yín lẹ fi bọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bọ́ àwọn ọmọ mi.”