Ibi Tí Akàn Gbẹ́ Ihò Sí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí omi yí ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni oko rẹ̀. Òun ni ó ń mú àlejò rìn. Bí ọkọ̀ bá ti já àwọn tó wá wo erékùṣù náà sí èbúté, òun ni wọn yóò béèrè, òun nìkan ni yóò sì tẹ̀ lé wọn títí oòrùn yóò fi rọ̀. Kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Yóò mú wọn gba abẹ́ igi àgbọn, yóò fi ilé pákó àtijọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja hàn wọ́n, yóò mú wọn dé etí òkun níbi tí ìgbì ti ń fọ́. Lẹ́yìn náà yóò mú wọn padà gba apá ọ̀sà, níbi tí omi máa ń fà lọ, tí yóò ku ẹrẹ̀ nìkan, ẹrẹ̀ tó tẹ́ lọ bí ẹní.

Ibẹ̀ ni yóò ti dúró. Yóò na ọwọ́ kí wọ́n má bàa kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ níbẹ̀ kò yẹ̀ rí: "Ẹ wo ihò akàn. Ibi tí akàn bá gbẹ́ ihò sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á gba ẹsẹ̀ yín. Ibi tó bá ń dán bí ẹ̀yìn ẹja, tí ẹ ò rí ihò kankan lójú ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ó ń gbé èèyàn mì." Yóò wá fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún ibi tó ń dán náà. Ọ̀pá á rì, á rì, á wá ku ibi tó fi ọwọ́ dì mú. Àwọn àlejò á pariwo. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ó ní ìyàwó kan tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ará òkè ni obìnrin náà, ọmọ àwọn tó ń gbin kòkó. Kò mọ omi kan ju ti kànga lọ kí ó tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú náà ní àṣà kan. Bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun gúnlẹ̀ sí èbúté, ìyá ọkọ yóò bu omi ọ̀sà, yóò fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ omi ni. Ẹni tó bá tún ṣe é bí àlejò ti bú u, ó ti bú ọkọ rẹ̀, ó sì ti bú gbogbo ilé. Nítorí náà, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò, wọn kì í sọ ọ́ fún ìyàwó ilé. Wọn kì í sọ ọ́ fún ọmọ wọn pàápàá, torí orí ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ìlú náà ti ń mọ ẹrẹ̀, kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Kò sí ẹni tó rántí pé Ìbídùn ò gun ẹ̀yìn ìyá kankan kọjá níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bu ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, ẹ mú èmi náà rìn yí ìlú yìí ká lọ́jọ́ kan, bí ẹ ṣe ń mú àwọn àlejò yín."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà débi pé egungun ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Èwo nìyẹn, Ìbídùn? Ṣé ọkọ̀ àná ló gbé ẹ wá ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ọ̀kan ní, "Kó gbé báàgì kọ́yìn, kó lọ dúró sí èbúté!" Èkejì ní, "Kó sì máa ya fọ́tò ìyá ọkọ ẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìbídùn. Kò béèrè mọ́. Bí àwọn obìnrin bá ń lọ ṣa ìsáwùrú lórí ẹrẹ̀, yóò máa rìn lẹ́yìn wọn, yóò máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ tiwọn. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì í.

Ó wá di ọjọ́ kan tí obìnrin àgbàlagbà kan wá láti ìlú ńlá, òun nìkan, tó ní kí ọkùnrin yìí mú òun rìn. Wọ́n gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, ó la àgbọn fún un.

Àlejò náà mu omi àgbọn tán, ó ní, "Ìyàwó wa, o ò ní bá wa rìn ni? Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ dùn ún gbọ́."

Ìbídùn wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí gèlè, ó fẹ́ tún un wé.

"Ta? Èyí?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó mọ ibẹ̀ ju èmi lọ, Màmá." Ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Màmá ò jẹ ìsáwùrú rí. Bá wa ṣa díẹ̀ kí a tó dé."

Ìbídùn ní, "Mo ti gbọ́." Ó gbé agbọ̀n.

Ọjọ́ ọjà òdìkejì omi ni ọjọ́ náà. Tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn tó ń ṣa ìsáwùrú, ti wọkọ̀ lọ láti àárọ̀. Ọkùnrin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé oòrùn ti yọ. Kò rò ó dé ibì kankan.

Nígbà tí ó mú àlejò rẹ̀ dé etí ẹrẹ̀, ó na ọwọ́, ó sọ ti ihò akàn, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Obìnrin náà ò pariwo. Ọ̀ọ́kán ló ń wò.

"Ta nìyẹn lọ́hùn-ún?"

Ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú. "Ìyàwó mi ni. Ìsáwùrú yín ló ń ṣa." Ó juwọ́ sí i. Ìbídùn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó tún juwọ́.

Àlejò náà ní, "Kí ló dé tó fi kúrú báyẹn?"

Ọkùnrin náà ti ń sáré kí àlejò náà tó pa ẹnu dé. Ó sáré títí dé ibi tí ihò akàn parí sí, ó sì dúró, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan kún un, òun náà ti lọ nìyẹn. Omi ti ń padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń tàn wọnú ẹrẹ̀. Ó figbe ta: "Wo ihò akàn! Ìbídùn, ihò akàn ni kí o wò!" Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún un nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbé igbe náà lọ. Ó sáré padà lọ wá ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ ti lọ sọ́jà. Kí ó tó rí ọkọ̀ kan tó ti là, tí ó fi aṣọ rẹ̀ dí ojú ibi tó là, tó sì wà á débẹ̀, agbọ̀n nìkan ló léfòó.

Nígbà tí omi tún fà, wọ́n rí Ìbídùn. Ó ṣì wà ní ìdúró.

Àwọn àgbà wá kí ọkùnrin náà. Wọ́n ní kó mú ọkàn le, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa sọ irú ìyẹn fún ọmọ ilé. Àlejò náà jókòó sí kọ̀rọ̀ kan. Kò kí i. Ohun tó béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ẹ ò sọ fún un ni?" Ọkùnrin náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde lọ sí etí ẹrẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí omi bá ti fà, ó máa ń lọ dúró sí etí ẹrẹ̀. Á na ọwọ́, á sọ ti ihò akàn, á fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé àlejò ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, àwọn ará ìta ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ kí o tó bọ́jú. O ń sọ ibi tí wọ́n lè tẹ̀ fún wọn, o ń sọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọ ńkọ́? O ní ó ti mọ̀. Ta ló sọ fún un? Ó béèrè nígbà kan, o sì fi í ṣe àwàdà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè mọ́.

Mi ò ní tàn ọ́ pé àsìkò ṣì wà. Mi ò mọ ibi tí omi dé nínú ilé rẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni náà ń juwọ́ sí ọ láti ọjọ́ yìí, ìwọ sì rò pé ó ń kí ọ ni, o ń juwọ́ padà. Dìde. Lọ wo bó ṣe ga sí.