Etí Ẹtu àti Ewé Gbígbẹ

Àlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rìn jẹ́jẹ́, ó dẹ etí sílẹ̀, ó dúró sọ́dọ̀ Ẹtu.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹkùn pa àkọ́bí Ẹtu létí odò. Láti ọjọ́ náà, Ẹtu sá pamọ́ sínú igbó, òùngbẹ sì fẹ́ pa Dúrójayé, ọmọ kan ṣoṣo tó kù.

Ọ̀bọ ní, "Ojo ni ọ́."

Ẹfọ̀n ní, "Ìyá wo ló ń sá fún omi?"

Ṣé ó tọ́? Ẹkùn ló jẹ̀bi, Ẹtu ni wọ́n ń bá wí.

Ìgbín kò bú u. Ó jókòó tì í. "Ìyá Dúrójayé, ìgbà wo lẹ̀rù yìí máa ń dín kù?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí Ẹkùn bá tẹ ewé gbígbẹ, mo ti ń gbọ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n kò séwé gbígbẹ létí odò báyìí."

"Etí yẹn ńkọ́? Ṣé Ẹkùn gbé e lọ ni?"

Ẹtu rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ṣì wà lórí mi."

"Kí lẹ lè fi ṣe lónìí, bó ti wù kó kéré?"

Ẹtu kó ewé gbígbẹ tó fi ṣe ibùsùn, ó tẹ́ ẹ yí etí odò ká, ó sá padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tọ́ omi wò. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú Dúrójayé dání. Ẹ gbè é:

Ewé, ta ló ń bọ̀?
*Mò ń ṣọ́nà.*
Ewé, má sùn o.
*Mò ń ṣọ́nà.*

Dúrójayé mu omi yó. Ni ewé bá dún. Tìyátọmọ fò, èékánná Ẹkùn gbá afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rù ṣì ń ba Ẹtu. Ẹ wò ó lódò: á gbórí sókè lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà á mu omi.

Bí mo bá purọ́, kí ewé má ṣọ́nà fún mi.