Akólòlò Tó Mọ Igi

Ọkùnrin kan wà tó ń gé gẹdú ní ìletò kan létí odò. Kò sí igi tí kò mọ̀ nínú igbó ibẹ̀, ṣùgbọ́n akólòlò ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sín in jẹ, nítorí náà ó fi ìdákẹ́ ṣe ilé. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, a ní, "B-bí ẹ ti wí náà ni."

Ní ọdún kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ìletò náà tún afárá onígi ṣe. Ó tẹ́ pákó tuntun sí i, ó ní àwọn òpó ìsàlẹ̀ ṣì le. Gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́, torí ẹnu rẹ̀ dùn. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ọmọ ilé ìwé yan kọjá lórí afárá náà, akólòlò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó fi ẹ̀yìn àdá kan òpó àárín. Kò dún bí igi mọ́, bí agbè òfìfo ló dún.

Nígbà tó délé, ó sọ ohun tó rí fún ìyàwó rẹ̀, ó ní ẹlòmíràn á rí i, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbídùn, ta ni ẹlòmíràn náà? Ta ló tún mọ igi níbí?"

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ti tò létí odò. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó jáde síwájú baálẹ̀. "Ò-ò-òpó..." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Ẹ fà á jókòó, ilẹ̀ á ṣú kó tó parí rẹ̀." Ojú tì í débi pé ó wo ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n ó tún wo àwọn ọmọ náà, kò sì lọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi pé: "Òpó àárín ti jẹrà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ wò ó. Ọkùnrin méjì fi èjìká ti òpó náà, ó kán sínú odò.

Akólòlò ni ọkùnrin náà títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kọ́ ohunkóhun mọ́ láìbi í, bó bá sì ń fèsì, wọn a dúró kó parí.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé àyà rẹ ń já, n kò sì ní bá ọ wí nítorí rẹ̀. O ń retí ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ní bà ọ́ mọ́, kí o tó dìde. Ọkùnrin yìí kò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tòun ti ẹ̀rù ló jáde. Ohun tí o mọ̀, o mọ̀ ọ́n. Ẹnu tó ń gbọ̀n kò sọ ọ́ di irọ́. Dìde, sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tún un bẹ̀rẹ̀.