Atẹ́gùn Táyà Olóyè Ọ̀tún

Ìdí táyà ni ìtàn mi yìí já sí, kò já síbòmíràn. Olóyè Ọ̀tún ló ni ilẹ̀ tí Bísíríyù fọkanáísà pàgọ́ sí, òun náà ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́: bó bá dá gun alùpùpù rẹ̀, a ní táyà le jù, ìdí ń dun òun, bó bá gbé ìyàwó àti àpò gààrí sẹ́yìn, a ní ó rọ̀ jù. Níkẹyìn, nígbà tí òun àti ìyàwó gbé àpò gààrí dé, ó ní, "Bísíríyù, fọn atẹ́gùn tí yóò bá gbogbo ẹrù mu sí i. Bí mo bá tún padà wá, kó àgọ́ rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi." "Ó ti yá, Bàbá. Ẹ gùn ún, kí ìyá wa náà gùn ún, ká gbé gààrí lé e." Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó fọn ọ́n, ó fi géèjì wọ̀n ọ́n, ó yọ díẹ̀. "Ó ti bá a mu báyìí, Bàbá. Ẹ ṣáà má sọ̀kalẹ̀." "Títí di ìgbà wo?" "Títí táyà yóò fi gbó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀kalẹ̀, ẹrù ló yí padà, kì í ṣe atẹ́gùn mi." Oòrùn mú wọn lórí ibẹ̀. Ìyàwó ní, "Baálé mi, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí o." Olóyè ní, "Bísíríyù, bí òun bá sọ̀kalẹ̀, ṣé wàá yọ díẹ̀ níbẹ̀?" "Màá yọ ọ́, Bàbá." "Bó bá wá tún gùn ún lọ́la ńkọ́?" "Ẹ ó padà wá ni." "Màá padà wá. Jẹ́ kí àgọ́ rẹ wà níbẹ̀," ni Olóyè wí.