Bàálù Tí Ọyẹ́ Dá Padà

Ọkùnrin kan wà ní Ìkẹjà, ilé rẹ̀ sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń gbọ́ ariwo bàálù láti orí ibùsùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Àbújá. Bí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí yóò fi balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú ìyá wọn, ọkùnrin yìí kò débẹ̀. Níbi ìsìnkú náà ni ó ti bú ìyàwó àbúrò rẹ̀ lójú àlejò, tí àbúrò fi bínú lọ. Bí wọ́n bá ní kó lọ bẹ̀ ẹ́, á ní Àbújá jìnnà.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé àìsàn ọkàn ti gbé àbúrò rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ara ẹ̀gbọ́n kò gbà á mọ́. Ó pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, mo ń bọ̀ lónìí."

Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Màá sọ fún un."

Ó wọ bàálù. Ìgbà ọyẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n dé òkè Àbújá, eruku ọyẹ́ ti bo ilẹ̀, awakọ̀ kò rí ibi tí yóò bà sí. Bàálù ń yí po lókè. Ọkùnrin náà fi iwájú orí ti fèrèsé, ó ń wo ìsàlẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó mọ̀ pé abẹ́ eruku yẹn ni àbúrò òun dùbúlẹ̀ sí. Láìpẹ́, wọ́n kéde pé àwọn ń padà sí Èkó.

Bí wọ́n ṣe balẹ̀ ní Ìkẹjà, àwọn èrò ń pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Òun káwọ́ lérí. Ọkàn rẹ̀ ní: o kúkú ti gbìyànjú, ta ni yóò bá ọ wí? Máa lọ sílé. Ó dìde, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde síta kó tó dúró. Ó ronú ohun tí yóò sọ bí àbúrò rẹ̀ bá kú. Ó yí padà, ó lọ tò pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gba àyè ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́, wọ́n sì gúnlẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ní ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, obìnrin náà yára di apá rẹ̀ mú.

"Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé, ó ń retí yín."

Àbúrò ti rù. Ó wò ó títí. "Wọ́n ní ẹ dé òkè ìlú yìí lánàá, ọyẹ́ dá yín padà. Mo ní ó parí nìyẹn, ẹ ò ní wá mọ́."

"Díẹ̀ ló kù kí n má wá," ni ẹ̀gbọ́n fi dá a lóhùn. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú títí àwọn nọ́ọ̀sì fi wá gbé e lọ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tó jí, ó ní ebi ń pa òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bú sẹ́kún.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o mọ ẹni tó yẹ kí o lọ bá. Kò sí bàálù tó lè gbé ẹni tí kò tíì dìde nílé. Dìde. Bí ohunkóhun bá sì dá ọ padà lọ́nà, má fi ṣe àwáwí, tún múra. Ẹni tí ò ń lọ bá lè ti máa wo ẹnu ọ̀nà.